Ọjọ́ Tí Mo Pe Òòfà Ní Mànàmáná

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́jì àwọn tíṣà ni, nígbà tí rélùwéè ṣì jẹ́ tuntun ní Ẹdẹ. Olùkọ́ mi kan fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan bí àpótí tí wọ́n tú kúrò lára tẹlifóònù tó ti bàjẹ́. Wáyà bàbà tí wọ́n wé ló wà nínú rẹ̀, láàárín òòfà. Bí wáyà náà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, tí wáyà ń pòyì láàárín òòfà, agbára á gba ẹnu wáyà jáde, á sì gbọn ẹni tó bá dì í mú. Mo mọ gbogbo èyí dáadáa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Mo gbé e jáde sí ojúde ilé wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ará ilé ń wò mí bí ẹni tó fi ọdún rẹ̀ ṣòfò. Dípò kí n ṣàlàyé, mo ní, "Mànàmáná ló wà nínú àpótí yìí."

Aládùúgbò wa kan dáhùn pé, "Tíṣà, gbé e sẹ́nu ọ̀nà wa, kí ewúrẹ́ yín má wọlé wa mọ́!"

Gbogbo ojúde rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní kí ìyá mi àgbà, tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó láti kékeré, di ẹnu wáyà méjèèjì mú. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n fọkàn tán mi. Mo yí irin náà kíákíá. Wọ́n kígbe, wọ́n ju wáyà sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Káwòó o! Kábíyèsí o!"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà ní ojúde ń wò mí tìyanutìyanu, ó sì dùn mọ́ mi. Èyí ló ń tì mí lójú jù: ó dùn mọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá ìyá mi àgbà. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i." Èmi ni mo di wáyà mú. Wọ́n yí i, ara mi gbọ̀n. Wọ́n dáwọ́ dúró, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún yí i, ó tún gbọ̀n mí.

"Ọwọ́ ẹni tó ń yí i ló ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Kì í ṣe Ṣàngó."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára irin náà. "Ìwọ gan-an ni mo kúnlẹ̀ fún lánàá nìyẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n ní, "Dìde, ọkọ mi," bí wọ́n ti máa ń sọ. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n sì ń gbálẹ̀ yàrá náà yí mi ká.