Ife Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ilé Ọtí Àwọn Atukọ̀

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ tí mo gbéra láti Ìlaró lọ sí Kùtọnù, láti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Àkàndé rán mi kí ó tó kú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi iṣẹ́ náà falẹ̀.

Atukọ̀ òkun ni ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilé ọtí kan lẹ́bàá èbúté Kùtọnù, atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ife irin tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí ó bá ń lọ sójú òkun, ife náà á máa dúró dè é lórí ìṣó lára ògiri. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi mu. Bí wọ́n bá gbọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n á fi ìṣó lu ìdí rẹ̀, kó má lè gba ọtí mọ́. Lórí àìsàn ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé, "Ife mi ṣì wà níbẹ̀. Lọ sọ fún Tántí kó má retí mi mọ́." Tántí ni wọ́n ń pe obìnrin àgbà níbẹ̀; òun ló ni ilé ọtí náà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn mi. Ọ̀nà Ajílété ní kòtò púpọ̀, awakọ̀ sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà ní Kùtọnù?"

"Ilé ọtí ni mò ń lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ṣé ẹmu Ìlobì kò dùn mọ́ ni?"

"Ẹmu kọ́, ọmọ mi. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."

"Ta ló lè rán àgbà bíi tiyín níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

N kò sọ fún un pé ó ti kú.

A kọjá Ìdírókò. Ní Ìgòlò, lódìkejì ààlà, mo jẹ akásà àti ẹja díndín. Ẹ̀kọ wa náà ni akásà, àmọ́ tiwọn kan díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì sẹ̀fà, owó tiwọn, ni mo fi wọkọ̀ gba Àjàṣẹ́ dé Kùtọnù; títì wọn tẹ́jú ju tiwa lọ. Mo jókòó ti fèrèsé ọkọ̀ náà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọtí yẹn ni mò ń rò.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń rùn fún ẹja àti sìgá. Atukọ̀ méjì ń fi ẹsẹ̀ àga lu ara wọn, kò sẹ́ni tó yíjú wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi léjìká: "Àbúrò mi rèé o! Tíṣà ni!" Wọ́n fi ọ̀dà kọ TÍṢÀ sára ife kan, wọ́n bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Nígbà tí mo mu tán, bí ìyá wa ti kọ́ wa, mo fọ ife náà, mo fi kọ́ sórí ìṣó tó ṣófo. Gbogbo ilé hó gèè, wọ́n ń lu tábìlì. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé n kò ní í wá sáàárín àwọn ọ̀mùtí mọ́ láé. Kò sì pè mí wá mọ́.

Zémìjàn, ọ̀kadà tiwọn, ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Páànù ilé náà ti dógùn-ún. Kò sí atukọ̀ kankan. Arúgbó obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó, ó ń fi aṣọ nu ife. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Tántí."

Ó wò mí títí. "Ojú Àkàndé rèé. Ìwọ ni Tíṣà oníbìínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti sinmi, Tántí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ọdún mẹ́rin. Gbogbo Sátidé ni mò ń nu ife rẹ̀."

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Ó sọ ife náà kalẹ̀, ó fún mi ní òòlù àti ìṣó. "Ìwọ ni ẹbí. Lù ú." Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lu. Ó bu omi sí i, omi náà jò tán sínú iyanrìn. "Ó ti délé," ló wí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìpẹ̀kun ògiri. "Tìẹ ńkọ́?"

Ọ̀dà TÍṢÀ ti bó lára rẹ̀, àmọ́ ife náà ń dán.

"Ẹ kò jù ú nù, Tántí?"

"Báwo ni mo ṣe lè jù ú nù? Ẹni tó bá fọ ife rẹ̀, tó sì fi kọ́, ó ti ní òun ń bọ̀. Ìdí tí wọ́n fi hó lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Inú wọn dùn ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọtí ṣe gbogbo ilé lálejò."

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ó bu omi fún mi nínú rẹ̀, mo mu ún.

"Ṣé ká lu tìẹ náà, kí ẹnikẹ́ni má retí rẹ mọ́, kí ọkàn rẹ fúyẹ́?"

Mo ro ilé mi. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Bí mo bá jáde tí n kò padà, ta ni yóò tètè mọ̀? Mo fọ ife náà, mo sì fi kọ́ padà.

Tántí rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"N kò mọ̀, mà. Ẹ ṣáà máa bá mi nù ún."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìlaró. Mo ṣí àgádágodo tí mo fọwọ́ ara mi tì. Kí n tó jẹun, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi sílẹ̀ de àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá sin mí, kó dé Kùtọnù lọ lu ife mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹni tó ń kú lọ bá rán yín níṣẹ́, ẹ tètè jẹ́ ẹ. Ẹnìkan lè wà níbìkan tó ṣì ń nu ife.