Ògiri Tí Alápàńdẹ̀dẹ̀ Kò Rí Dì Mú

Kò sí ẹni tó ń kọ́lé ní àdúgbò náà tí kò mọ Jọ̀lọ̀. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n rírẹ́ ògiri ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ bíríkìlà. Bó bá rẹ́ ògiri tán, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan ohun tó rí ṣákiṣàki, dandan ni kó tún un ṣe, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ní wò láéláé. Níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kúnná báyìí ni wọ́n ti fún un ní orúkọ tó ń jẹ́.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní ìparí òpópónà kan náà, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń da ìyá yìí láàmú, orí àga onítìmùtìmù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Lókè orí rẹ̀, níbi tí ògiri ti pàdé òrùlé, ni tọkọtaya alápàńdẹ̀dẹ̀ kan máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Ẹyẹ tí kò kún ọwọ́ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, ọ̀fun rẹ̀ pupa bíi bíríkì, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Lójú òfuurufú ló ti ń mú kòkòrò jẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń mu omi, á kàn fò kọjá lórí odò, á sì bu ẹnu kan. Kì í gbé ibẹ̀ yípo ọdún. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí kòkòrò sì ń wọ́n, á kọjá odò, á kọjá igbó, á lọ sí ibi tí òjò ṣì ń rọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tún yí padà, ilé tó fi sílẹ̀ gan-an ló máa ń padà sí, á sì tún ìtẹ́ àtijọ́ ṣe.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà mọ́," ni ìyá máa ń wí. "Àwọn yẹn ló ń bá mi rin ìyókù."

Ní ọdún tí à ń wí yìí, àwọn ẹyẹ náà ṣì wà ní ìrìn àjò nígbà tí Jọ̀lọ̀ pinnu láti ṣe ìyá rẹ̀ lóore. Ó ha ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti sán, ó sì rẹ́ ẹ lákọ̀tun. Ní ti ìtẹ́ amọ̀ gbígbẹ tó wà lókè, ó gbá a pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, ó dà á nù. Nígbà tó parí, ògiri náà dán débi pé ibẹ̀ ló ń mú àwọn tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un lọ, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Ìyá wo ògiri náà títí. "O ṣeun, ọkọ mi. Ó dára gan-an. Ibo wá ni àwọn àlejò mi máa sùn tí wọ́n bá dé?"

"Ẹ má dara yín láàmú, Màámi. Wọ́n á kọ́ òmíràn. Ṣebí bíríkìlà làwọn náà."

Àwọn àlejò dé lóòótọ́. Wọ́n bà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wọ́n ń dún wírẹ́wírẹ́, wọ́n sì ń fò lọ fò bọ̀ níwájú ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń fi ẹnu bu ẹrẹ̀ létí gọ́tà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹrẹ̀ náà á ṣí, á já bọ́ sí ẹsẹ̀ ìyá. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kìíní nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ Jọ̀lọ̀ láti kékeré, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fò ó dá.

"Jọ̀lọ̀, mo rí i pé o ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun. Iṣẹ́ wọn ò mà dúró."

"Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ wọn," ni Jọ̀lọ̀ dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó lọ wa amọ̀ gidi létí odò, ó pò ó, ó sì gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí àárín àgbàlá. Àwọn ẹyẹ náà lò ó. Amọ̀ náà tún já bọ́.

"Jẹ́ kí n bá ọ kan pákó kan síbẹ̀," ni kápẹ́ńtà wí. "Igi tèmi kì í yọ̀."

"Rárá. Èmi ni mo wó ilé wọn, èmi náà ni màá wá ibi tí wọ́n á kọ́ ọ sí."

"Agídí rẹ pọ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n ìyá kò bá wọn ṣàwàdà. Ó ti rí i pé àwọn ẹyẹ náà ti ń pẹ́ kí wọ́n tó padà, wọ́n sì ti ń wo abẹ́ òrùlé àwọn ẹlòmíràn. "Ẹyin ò lè dúró de ẹnikẹ́ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí wọn ò bá rí ibi yé e sí níbí, wọ́n á lọ. Èmi ò sì lè tẹ̀ lé wọn."

Jọ̀lọ̀ gbé àkàbà. Ó gun òkè lọ bá ògiri náà, ó di ojú rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á bó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì, kò kan nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé a kì í rẹ́ sìmẹ́ǹtì tuntun lé ògiri dídán. Ńṣe là á kọ́kọ́ fi ṣísẹ́lì ṣá a, kí tuntun lè rí nǹkan dì mú. Ó ti ń wí i láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ náà lè kan ẹyẹ.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ṣísẹ́lì àti òòlù, ó tún gòkè. Ó gbé òòlù náà sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀ láti sọ̀. Kò tíì dá ọgbẹ́ sí ògiri tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́ rí.

"Ṣé kò sí o?" Kápẹ́ńtà ti sọdá títì. "Ògiri tó ń bá ọ wá iṣẹ́ lo fẹ́ bà jẹ́ yìí?"

"Di àkàbà mú, má bá mi sọ̀rọ̀."

Ó fi òòlù lu ṣísẹ́lì. Ó ṣá òkè ògiri náà láti ìkángun dé ìkángun, ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan sísàlẹ̀ òrùlé. Eruku bo gèlè ìyá, ìyá kò sún àga. Nígbà tí Jọ̀lọ̀ rò pé ó tó, ó tún di ojú, ó fọwọ́ ra á. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yọ̀, ó tún un ṣá.

Ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ẹyẹ náà lẹ̀ mọ́ ọn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kò já bọ́ lọ́sàn-án. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Takọtabo ló jọ ń kọ́ ọ, wọ́n ń po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀. Bí wọ́n bá to ìlà kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó to òmíràn lé e.

"Wọ́n gbọ́n," ni Jọ̀lọ̀ wí fún kápẹ́ńtà. "Ẹni tó bá kánjú, ilé rẹ̀ á wó."

Ẹyin pa nígbà tó yá. Ní àkókò náà ni obìnrin kan tó ń kọ́ ilé ìwòsàn wá wo ògiri. Ó yẹ ìsàlẹ̀ wò, ó sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí ibi ṣákiṣàki, ó rí ìtẹ́, ó sì rí ìgbẹ́ ẹyẹ.

"Ọ̀gá, òkè yẹn ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín ni?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, Mà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà la ẹnu láti tún bi í, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òbí náà já wọlé pẹ̀lú kòkòrò lẹ́nu, àwọn ọmọ sì na ọrùn jáde, wọ́n ya ẹnu pupa gbàgà.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, Mà," ni ìyá wí láti orí àga rẹ̀. "Ọ̀nà wọn lẹ dúró sí."