Bàbá Naceur àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sọ Èdè Ìtálì

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò Bab Jebli ní ìlú Sfax fẹ́ràn jù nípa olóògbé Bàbá Naceur ni ti ọjọ́ tí Lamjed, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni sídì tó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá wà. Bàbá ní kó wọ bàtà kó tẹ̀ lé òun. Ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ tó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́ tí òtútù mú, ó wà á dé ọgbà rẹ̀ lójú ọ̀nà Gremda, ó sì nawọ́ sókè sí igi álímọ́ńdì kan. Sídì náà rèé lórí ẹ̀ka. Okùn ìpẹja ni wọ́n fi so ó, ó ń yí gbirigbiri nínú oòrùn. Ẹyẹ ti ṣu sí i, òjò ọdún mẹ́rin sì ti bó o lára.

"Bàbá, kí ni sídì ń ṣe lórí igi?"

"Ológoṣẹ́ ló ń bá mi lé."

"Sídì tí à bá fi jí kọ̀ǹpútà yín dìde!"

Bàbá wò ó bí ẹni ń wo òpè. "Látọjọ́ tí mo ti so ó, ológoṣẹ́ kan ò jẹ álímọ́ńdì mi mọ́. Nínú gbogbo ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó tíì ṣiṣẹ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀."

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí. Tijani, àbúrò Bàbá Naceur tó ń gbé ní Mazara lọ́hùn-ún ní Ìtálì, ló gbé kọ̀ǹpútà náà kọjá òkun wá fún un. Èdè Ìtálì ni ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ń sọ. Eré káàdì kan sì wà nínú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo àgbàlagbà Sfax ń ta nílé kọfí. Nígbàkigbà tí ẹ̀rọ náà bá gbá gbogbo káàdì orí tábìlì lọ, á pariwo pé, "Skópà!" Bàbá á bú u. Inú rẹ̀ á sì dùn.

Kò ní ẹlòmíì tí ì bá bú ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ilé kọfí ò sì fẹ́ rí i, torí kò sí káàdì kan tí ẹnikẹ́ni máa jù sílẹ̀ tí Bàbá Naceur ò ní bá a ṣẹjọ́ lé lórí. Chedly onígbàjámọ̀ nìkan ló ń fara dà á, títí dọjọ́ tí méje dáyámọ́ńdì, káàdì tó níye lórí jù, èyí tí wọ́n ń pè ní méje alààyè, dàwátì. Naceur ní inú apá aṣọ Chedly ló wọ̀. Chedly ní inú ojú Naceur ló wọ̀, kó lọ wojú. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn.

Ni Bàbá bá lọ síbi ìgbéyàwó kan ní erékùṣù Djerba. Raja ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe é lóore kó tó dé, ó ní kí ẹnì kan fi ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà náà. Bàbá dé, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kí i ní Faransé, jẹ́jẹ́, bí akọ̀wé báńkì. Kò sí káàdì. Kò sí Skópà.

"Raja, ta lo gbé wọlé mi?"

"Bàbá, kọ̀ǹpútà yín náà ni. Ó kàn yára sí i ni."

"Kó máa yára lọ síbo? Ẹnì kan ń lé e ni?"

Bó ṣe fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ Lamjed.

Lamjed kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Nígbà tí wọ́n ti ọgbà padà dé, ó ní, "Bàbá, mo ní sídì Lárúbáwá, mo ní ti Faransé. Tó bá jẹ́ Ìtálì dandan lẹ fẹ́, màá yá ti ẹlòmíì fún yín. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Tí ìyàwó rẹ bá sọnù, tí wọ́n mú ti aládùúgbò wá fún ọ, ṣé ọ̀kan náà ni?"

"Bàbá, kọ̀ǹpútà là ń sọ."

"Èyí tí wọ́n bí i mọ́ ni mo fẹ́. Ẹni tó tà á sọ fún Tijani pé gbogbo ohun tó nílò wà nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọlọ́jà ń sọ!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí Lamjed ní fún oníbàárà. Bí èèyàn bá gbé iṣẹ́ wọlé, Bàbá á mi orí. "Ẹ rọra o. Tèmi rèé, ó ti pọ́jọ́ mẹ́ta, Lamjed ò tíì rí nǹkan kan nínú rẹ̀." Ẹni náà á sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde padà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ ti sú Lamjed dé góńgó ẹ̀mí. Ó ṣí ìdí ẹ̀rọ náà kí ó lè fi han Bàbá pé òfìfo ni. "Ẹ wò ó. Ọgọ́rin ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ojú ẹ̀rọ ní méjìdínláàádọ́rin. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bàbá Naceur dìde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń wọn ẹja lọ́jà ẹja kó tó fẹ̀yìn tì. "Ọgọ́rin wọlé, méjìdínláàádọ́rin jáde. Ta ló kó méjìlá?"

"Bàbá, òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe é máa ń dín díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ tó mélòó?"

"Bíi márùn-ún. Kò lè ju mẹ́fà lọ."

"Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

Lamjed tún iye náà kà lójú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi," Bàbá wí, "bí òṣùwọ̀n bá dín, abẹ́ òṣùwọ̀n ni kó o wò. Ibẹ̀ làwọn apẹja ń fi ẹja pamọ́ sí."

Lamjed wo abẹ́. Lóòótọ́, yàrá kan wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà tí wọ́n tì pa, ètò tí wọ́n bí i mọ́ sì wà níbẹ̀ lódindi. Ẹni tó fi ètò tuntun sí i kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Lamjed pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ó di bọ́tìnnì kan mú bó ṣe ń jí, ojú ẹ̀rọ bá di aró, èdè Ìtálì kún inú rẹ̀ bámú.

"Mi ò gbọ́ Ìtálì o," ni Lamjed wí.

"Sún sẹ́yìn. Èmi tí mo bá àwọn apẹja wọn jà létíkun láti kékeré!"

Ìgbà yẹn ló hàn pé èébú nìkan ni Bàbá gbọ́ nínú Ìtálì. Ìbéèrè kan wà lójú ẹ̀rọ, ìdáhùn méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Continua" àti "Annulla." Bàbá fìka lé ìkejì. "Orúkọ Ọlọ́hun, Allah, wà nínú eléyìí. Ṣé o ò rí i ni? Tẹ̀ ẹ́."

Lamjed tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣú, ó padà síbẹ̀rẹ̀.

"O ò ṣe Bìsìmílà. Tún un tẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Bìsìmílà wọn ròkè débi pé oníbúrẹ́dì òdìkejì títì dáhùn Àmín.

Lamjed dìde. Ó rin ìsọ̀ mẹ́rin kọjá, ó wọ ọ̀dọ̀ Chedly onígbàjámọ̀, ẹni tó ti ń gẹrun fáwọn atukọ̀ Ìtálì láti ìgbà èwe. "Bàbá Chedly, ẹ bá mi wá ka nǹkan kan."

"Ti ta ni?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Chedly wọlé, ó rí Naceur, ó yíjú padà. Lamjed ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi ṣiṣẹ́ ẹlòmíì. Ẹnikẹ́ni ò ní jáde níbí títí kọ̀ǹpútà yìí á fi jí!"

Chedly kọjú sí Lamjed. "Sọ fún ọkùnrin yẹn pé kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Sọ fún un," ni Naceur wí, "kó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi."

Chedly bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó kà á. "Èwo lẹ ń tẹ̀?" Lamjed fi hàn án. Chedly wo ọ̀rọ̀ náà, ó wo Naceur, ó bú sẹ́rìn-ín. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà jáde lẹ́nu rẹ̀: "Naceur, òmùgọ̀ ni ọ́! 'Fagi lé e' ni ìtumọ̀ ẹ̀! Ìwọ fúnra ẹ lò ń dá ara ẹ padà!"

"Mo rò pé Ọlọ́hun ni," ni Naceur wí, jẹ́jẹ́.

Chedly tẹ "Continua." Ó gbà wọ́n ní wákàtí kan. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jí, Bàbá wá káàdì rẹ̀ kàn. Ó ti na ẹ̀rọ náà ní ẹgbẹ̀fà ìgbà ó lé méjìlá kí Raja tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Òdo sí òdo ló wà níbẹ̀ báyìí. Lamjed di etí rẹ̀ de ariwo.

"Ó ti gbàgbé gbogbo ìyà tí mo fi jẹ ẹ́," ni Bàbá wí.

"Ẹni tó gbàgbé ìjà, ọ̀rẹ́ ni," ni Chedly wí. Kò wojú rẹ̀.

Bàbá sún díẹ̀ lórí àga kí ẹlòmíì lè jókòó, ó sì ju káàdì kan sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìyẹn!" ni Chedly ké.

"Ta ló bi ọ́?"

"Skópà!" ni ẹ̀rọ náà pariwo, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ bú u.

Ìjà tiwọn parí, wàhálà Lamjed ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá Naceur ní aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn kì í gun ọ̀kadà, kí kọ̀ǹpútà òun ṣì wà nígun ṣọ́ọ̀bù náà. Ọdún márùn-ún ló fi wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, àwọn méjèèjì á dé. Bàbá á máa sọ fáwọn oníbàárà pé òun lòun kọ́ Lamjed níṣẹ́, pé kò mọ ibi tí mẹ́fà wọlé sí. Ó di pé obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá, ó kọjá níwájú Lamjed, ó gbé e fún Bàbá Naceur, ó sì bi í pé ìgbà wo lòun máa padà wá gbà á. Bàbá ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Lamjed wá ìsinmi. Ó yọ wáyà iná wọn, ó ní iná ti lọ. Bàbá Naceur jáde lọ ṣèwádìí. Ó padà dé pẹ̀lú wáyà gígùn kan tó fà láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì lódìkejì títì. Ó ní ọmọ rere ni oníbúrẹ́dì, òun ò mọ ohun tó ṣe Lamjed.

Oṣù kejì ọdún ni Bàbá Naceur kú, lọ́sàn-án, lórí àga nínú ọgbà rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Raja pe Lamjed ṣáájú àwọn ẹbí míì. Wọ́n ní kí Chedly má gbé àkéte òkú, pé ó ti dàgbà jù. Chedly bá gbogbo wọn ṣẹjọ́ títí dé itẹ́ òkú, èjìká rẹ̀ sì wà lábẹ́ àkéte náà ní gbogbo ìgbà tó ń ṣẹjọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Lamjed rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti ń wá láti ọdún márùn-ún. Kó tó di ọ̀sán, ó ti parí gbogbo iṣẹ́ ilẹ̀. Kò mọ ohun tó máa fọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn Àlàásárì, Chedly wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àga náà bó ti ṣe máa ń jókòó, ó tan ẹ̀rọ. Káàdì wà níwájú rẹ̀. Kò ju ìkankan sílẹ̀.

Lamjed wo ẹ̀yìn rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í.

"Ẹ kọ́ mi."

"O ò lè mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà kọ́ mi."

Lamjed ju káàdì kan sílẹ̀. Chedly fọwọ́ gbá itan. "Kí lèyí? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Irú káàdì wo nìyẹn, ìwọ olórí kunkun yìí!"

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ò ti bú Lamjed nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún ju òmíràn.