Omorogùn Ìyá Mi

Bí òórùn bẹntiróòlù bá dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́ tútù ní Orè, ojú mi á tún máa wá ibi tí n ó sá sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sípíríìnì fáàfù, irin lílọ́ kékeré kan, kán nínú ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ nílé, ẹ̀gẹ́ tí a ti bó sì ń dú lọ. Bàbá mi mú òòlù, ó fẹ́ fi ti tuntun wọlé.

"Bàbá wọn, ṣé ekùrọ́ lẹ fẹ́ pa ni?"

Ìyá mi la orí omorogùn rẹ̀ bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó fi tẹ sípíríìnì mọ́lẹ̀, bàbá mi sì ki píìnì tó ń dì í mú bọ̀ ọ́. Èmi ti wà lẹ́yìn odó, mo da igbá borí, kí sípíríìnì má baà ta bà mí.

"Ọ̀gágun, jáde, ó ti wọlé!" ni bàbá mi wí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi kò fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì rí kó tó di ọjọ́ náà.

Omorogùn ẹlẹ́nu méjì yẹn ló fi tẹbà lálẹ́. Kókó kún inú ẹ̀bà náà. Bàbá mi ní òun ò jẹ èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ó tún bù sí i.