Oorun Mojí

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe ń ṣí fèrèsé, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń sáré kọjá lójú títì, tíṣà wọn ń fọn fèrè tẹ̀lé wọn. Ìdíje eré ìdárayá ti ń sún mọ́ nìyẹn ní Ìkẹ́rẹ́. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo rántí Mojí.

A wà ní kíláàsì kẹta girama nígbà tí wọ́n mú Mojí wá láti Èkó sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà náà. Orí Mojí pé, ṣùgbọ́n kì í rí oorun sùn lálẹ́. Ní Èkó, bó bá ti ilé-ìwé dé, wọn kì í jẹ́ kó yọjú síta mọ́; iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ń wà. Nígbà tí tíṣà ìṣirò bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, orí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. A máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń pọ́n. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun á wá mú un padà bí sáà bá parí.

Yèyé kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé agbọ̀n lé Mojí lórí, ó ní, “Uṣẹ́ ní í pe oorun wá sí ulé.” Mo bá wọn lọ. Ọ̀nà oko náà jìn, ó gba ìdí àpáta ńlá kọjá. A wa iṣu, a rù ú, a sọ̀, a tún rù ú. Nígbà tí a délé, Mojí kò tíì jẹun tán tí oorun fi gbé e lọ. Yèyé dúró, ó ń wò ó bí ọmọ tuntun.

Láti ìgbà náà ni àwa méjèèjì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Kò pẹ́ tí ìrìn fi di eré. Tíṣà eré ìdárayá rí wa, ó fi Mojí sínú àwọn asáré, ó fi èmi ṣe agbómi fún wọn, nítorí ó rí i pé itan mi tóbi ju ti asáré lọ.

Ọjọ́ ìdíje gan-an ni ìyá Mojí dé. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí pápá, Mojí ṣe ipò kejì, gbogbo wa ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Ìyá Mojí bi ìyá tirẹ̀ pé, “Yèyé, ṣé ó ń sùn lálẹ́?”

Yèyé ní, “Lọ bi tíṣà ìṣirò bóyá ó ṣì ń sùn níbẹ̀.”

Ìyá Mojí nìkan ló padà sí Èkó.

Lóde òní, ọ̀kadà ló ń gbé àwọn ọmọ dé ẹnu géètì ilé-ìwé, fóònù sì ń bá wọn sùn lórí ìrọ̀rí. Oko Yèyé ti di ilé, òun náà ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ara tó bá ṣiṣẹ́ ṣì mọ bí a ṣe ń sùn. Ìbàdàn ni Mojí ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá báyìí. Ó sọ fún mi pé àwọn òbí máa ń wá dúpẹ́ pé ọmọ wọn ti ń rí oorun sùn, wọ́n á sì bi í pé níbo ló ti kọ́ irú èyí.

Mojí, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, á ní, “Ará Ìkẹ́rẹ́ ni mí.”