Asẹ́ Méjì Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Mi, Bàbá Ṣèyí

Yéè! Bàbá Ṣèyí, ṣé ó wá dìgbà nìyí? Ṣé bí ẹ ṣe ń lọ nìyí, láìdágbére, láìbojú wẹ̀yìn? Olówó orí mi, ọmọ Ìjù, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká tí kò fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ dìde kí ẹ dá mi lóhùn! Ẹni tó máa ń jẹ́ mi kí n tó pè é tán ló dákẹ́ yìí. Mo ti sunkún títí, ojú mi ti gbẹ.

Àwọn ọmọ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìsìnkú yín, kí n kọ ọ́ kó dára, kí n sọ pé ọkọ rere ni yín. Ọkọ rere ni yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ìyá Afura. Ohun kan wà tí mo ṣe sí yín, mi ò sì sọ ọ́ títí ẹ fi lọ. N ó sọ ọ́ níhìn-ín, lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bò yín.

Ògì ló kọ́kọ́ tú àṣírí yín. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Oǹdó mọ̀ pé n kì í ra ògì lọ́jà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń sẹ́ ẹ, pẹ̀lú asẹ́ aláṣọ funfun tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ. Láàárọ̀ Sátidé kan, ọdún kejì tí ẹ fẹ̀yìn tì, mo po ògì, mo tọ́ ọ wò, ó korò bí ẹni fi ewúro sí i! Mo lọ wo asẹ́ mi, mo rí àbàwọ́n àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Mo bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ sì yára jáde. Ọkùnrin tí kì í parọ́! Mo ní hẹn-ẹ́n. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ yín. Mo rí i pé ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé. Mo ń gbóòórùn nǹkan kíkorò. Mo ń gbọ́ nǹkan tó ń dún bùlọ́bùlọ́ níbẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo wá rí yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ gbé ṣọ́bìrì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ sì ri ewé bíbọ̀ mọ́lẹ̀. Ewé bíbọ̀! Ta ló ní kí ọkọ mi máa se ewé, kó sì máa rì í mọ́lẹ̀ nínú ilé mi? Obìnrin wo ni?

Mi ò sọ èyí fún yín rí: mo hú u. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo wọ tákísí, ó di Oǹdó, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń ta ewé àti egbò nítòsí ilé bàbá mi. Màmá náà gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó mirí. Ó ní, "Kò sí ewé tí n ò mọ̀ nílẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe tiwa. Ẹni tó fún ọkọ rẹ, ọ̀nà jíjìn ló ti wá." Hà! Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí obìnrin ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí mo kò yín lójú pé kí ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú yín. Ẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Kí ni mo rí? Ìkòkò ńlá kan, kẹ́ẹ̀gì funfun kan, àti ọkà bàbà tí ẹ rẹ sómi tó ti hu. Ẹni ọ̀nà jíjìn náà ni Ṣèyí, ọmọ wa tó wà ní Kánádà. Òun ló ń fi òdòdó gbígbẹ kan ránṣẹ́ sí yín, họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú bíà korò. Ọtí lẹ ń pọn! Ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi torí pé mo jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní tí ajá aládùúgbò bá jẹ pàǹtírí họ́ọ̀pù, ó lè kú, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rì í mọ́lẹ̀. Mo gbà. Síbẹ̀, mo yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò kí n tó jáde.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń bá yín di etí asẹ́ mú. Tí ẹ bá se ọtí náà tán tó tutù, ẹ ó dà á láti inú ìkòkò gba orí asẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí pàǹtírí má bàa bá a wọlé, kí ẹ tó fi ìwúkàrà sí i. Ọwọ́ mi a sì máa yún mi. Ẹni tó ti ń sẹ́ ògì láti kékeré, tó wá rí omi nínú èèrí, báwo ló ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀? Ìgbàkígbà tí mo bá na ọwọ́, ẹ ó ní, "Má fún un, Ìyá Ṣèyí. Jẹ́ kó máa kán fúnra rẹ̀. Tí ọwọ́ tàbí omi tí a ò sè bá kàn án, á kan." Èmi a ní ẹ kàn fẹ́ máa pàṣẹ fún mi ni, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá kan ọtí ayẹyẹ àádọ́rin ọdún yín. Ẹ ti fi oṣù méjì sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Alágbàká pé uṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n máa mu, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ìlú yín. Lọ́jọ́ tí a ń sẹ́ ẹ, ẹnìkan kan géètì, ẹ lọ wò ó. Mo wo èèrí inú asẹ́. Ọtí ṣì kún inú rẹ̀. Mo ní òfò rèé o. Mo bu omi kànga, mo dà á sí i, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì fún un títí ó fi gbẹ, bí mo ṣe ń fún èèrí ògì. Ẹ wọlé dé, ẹ ní, "Ó mà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ." Mo ní Ọlọ́run ló bù sí i.

Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ ayẹyẹ yín, ẹ bu ọtí náà fún ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ó ti kan. Ọ̀kan nínú wọn tu ú sínú òdòdó mi, ó ní ṣé omidùn ògì ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ọwọ́ mi ló ti ń gbọ̀n. Ogbó ti dé." Mo dúró síbẹ̀, mo gbé àwo dání, mi ò la ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó ìkòkò kúrò nílẹ̀. Ọdún kan ó lé, ẹ ò pọn ọtí mọ́. Mo máa ń rí yín tí ẹ máa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú, tí ẹ máa máa wò ó. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni.

Àbí ẹ mọ̀? Torí nígbà tí Kérésìmesì dé, ẹ ra aṣọ asẹ́ méjì wá láti Ọjà Ọba. Ẹ ní kí télọ̀ fi òwú pupa ká etí ọ̀kan, kó fi òwú àwọ̀ ewé ká etí èkejì. Ẹ kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ẹ ní, "Ògì lọ́tọ̀, ọtí lọ́tọ̀," ẹ wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí kò pọn ọtí mọ́, kí ló fẹ́ fi asẹ́ ọtí ṣe? Ìfura loògùn àgbà. Mo ti yẹ ẹ̀rín yẹn wò níwá lẹ́yìn, mo ṣì ń fura sí i títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ ní ẹ fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn. Ẹ se é, ẹ gbé ìkòkò sínú omi kó lè tutù, ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ jókòó díẹ̀. Ìjókòó yẹn náà ni. A gbé yín dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ ti lọ. Nígbà tí mo padà dé nírọ̀lẹ́, ìkòkò wà níbi tí ẹ gbé e sí, ó ti tutù. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sunkún. Mo rò ó pé tí n bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, ó bàjẹ́ nìyẹn, èmi náà ni mo sì tún ba èyí jẹ́. Mo mú asẹ́ olówùú àwọ̀ ewé.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín, Àǹtí Fọlákẹ́, ká mi mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjù dé. Wọ́n rí opó tó ń sẹ́ ewé kíkorò lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Wọ́n ní, "Kí lò ń sẹ́? Kí lo fún àbúrò mi mu?" Mi ò lè bínú. Ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn, ojú tí mo fi wò yín lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ níhìn-ín, látorí ògì dórí omi kànga. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu ún lójú àwọn. Mo bù ú, mo mu ún. Ó dùn, ó sì korò. Wọ́n gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ mi, àwọn náà mu. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì bá mi di etí kejì asẹ́ náà mú.

A dà á tán, ó kù kó máa kán. Àǹtí rí i pé omi ṣì wà nínú èèrí. Ọmọ olóògì làwọn náà, wọ́n na ọwọ́. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dànù, èmi ìyàwó ilé! Mo ní, "Ẹ má fún un, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó máa kán fúnra rẹ̀."

A jókòó tì í títí ó fi kán tán, mo wá fi ìwúkàrà sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì báyìí, ó ń dún bùlọ́bùlọ́, mo sì ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì wa. Tó bá jinná, ọkùnrin mẹ́sàn-án yẹn ni n ó pè, kí wọ́n tún un tọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, tí ẹ kàn ń wò mí níran, n ó gbọ́ tẹnu yín lọ́jọ́ tí a bá tún pàdé. Olówó orí mi, ẹ sùn re o. Ọwọ́ yín ò gbọ̀n rí.