Ẹ̀yìn Ìyá Mi àti Àwọn Ìwé Tí Mo Kà

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀. A ó ti kẹ̀kẹ́ onírin wọ wọ́ọ̀dù, abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ, ìgò sípírítì àti agolo páúdà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá lè dìde fúnra rẹ̀, a ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó da sípírítì sí àtẹ́lẹwọ́, a ó sì máa fi ra á láti èjìká dé ìdí. Bí a bá rí ibi tó pọ́n níbi tí egungun ti yọ, ibẹ̀ gan-an la ó tẹra mọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dúró síbẹ̀, pé ọwọ́ ni yóò tú u ká kí egbò má baà là. Mo ra ẹ̀yìn débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi ń bó nígbà ọyẹ́. Àwọn aláìsàn a máa súre fún mi. Baba kan tilẹ̀ sọ pé ọwọ́ mi dùn ju oúnjẹ lọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí oúnjẹ wọ́ọ̀dù wa kò dùn rárá.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan mo padà sílé ẹ̀kọ́ láti gba dìgírì, ní Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún lẹ́yìn 1990 tí epo mọ́tò wọ́n bí imí eégún. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n ṣa àwọn ìwádìí tí àwọn èèyàn ti ṣe lórí ìtọ́jú kan jọ, kí n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wá sọ èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀yìn ni mo yàn. Mo rò pé kò ní ni mí lára: ohun tí gbogbo wa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni ìwé tún fẹ́ sọ ju pé ó dára?

Láíbìrì ní àwọn jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn nọ́ọ̀sì, ti òkè òkun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí náírà ti já lulẹ̀, tuntun ò dé mọ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló yá mi ní fọ́tókọ́pì tó kó bọ̀ nígbà tó rìnrìn àjò, ẹ̀rọ tilẹ̀ ti gé etí àwọn ojú ìwé mìíràn kúrò. Ohun tí mo kà níbẹ̀ dà mí lọ́kàn rú. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń sọ pé ibi tó bá ti pọ́n kò fẹ́ ọwọ́. Ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fara pa, bí a bá sì ń ra á, ṣe là ń fà á ya sí i. Sípírítì ń gbẹ omi ara awọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì, kí ibùsùn rẹ̀ rọ̀, kí ó sì jẹun dáadáa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan wo èèyàn tí kò tó nǹkan, àwọn kan ò sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn tí wọ́n wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ wọn bí ẹni fẹ́ ọkà, nínú èyí tó ṣẹ́kù, kò sí ọ̀kan tó gbè wá lẹ́yìn.

Inú bí mi. Mo fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde lọ ra ẹ̀pà jẹ lẹ́nu géètì. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Àwọn tó kọ́ mi, ẹnìkan ló kọ́ àwọn náà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbà kọlu ìyá mi. Ó ti wá láti Òkè-Ògùn wá bá mi tọ́jú ọmọ nínú yàrá méjì tí a háyà ní Agbọ̀wó, nítorí iṣẹ́ ọkọ mi wà lókè Ọya. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń fẹnu sọ pé òun fẹ́ràn èèyàn. Ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Òun ló wẹ gbogbo ọmọ ìdílé wa. Á jókòó sórí àpótí, á nasẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á wẹ̀ ẹ́, á fi òrí ra á lẹ́yìn, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, títí ọmọ yóò fi sùn lọ. Ọmọ mi tó kéré jù ló ń ra lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ igbe ọmọ láti ibi ìdáná. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ jọwọlọ, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọmọ mú kó má baà ṣubú.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Challenge. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì burú ju àwọn yòókù lọ. Mo mọ mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀, mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn rí. Ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì wọn ti lọ sí Saudi, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń bójú tó gbogbo wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ ìyá mi sí ti jìn láàárín. Kò pẹ́ tí mo fi rí i: ojú ibì kan pọ́n lókè ìdí rẹ̀, kò ju owó ẹyọ lọ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò funfun bí awọ tó dá ṣe máa ń ṣe. Mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn gbé sípírítì àti páúdà wá. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi.

"Yí màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́ n fọwọ́ ara mi ra á fún wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ra ojú ibẹ̀. Àwọn ìwé tí mò ń kà sọ pé ó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Kí làwọn ìwé ẹ ní ká wá ṣe?"

"Ká máa yí wọn padà ni, mà. Ní wákàtí méjì méjì."

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn fi ọwọ́ na wọ́ọ̀dù náà hàn mí, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń sáré láàárín wọn pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Pẹ̀lú ọwọ́ ta ni, ọmọ mi?" Wọ́n gbé sípírítì wọn, wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo gbé ìyá mi padà sí Agbọ̀wó. Mo to fóòmù méjì lé ara wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti ilé láti ràn mí lọ́wọ́, obìnrin tó lágbára, tó máa ń fi Nọ́ọ̀sì pè mí láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé igbá òrí dání. Mo ní kó gbé e pamọ́. Ó wò mí títí.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ara èèyàn kì í ṣe pákó o."

Síbẹ̀ ó ṣe bí mo ṣe wí. Tí mo bá wà ní kíláàsì, òun ló ń yí i padà, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ohun tí ọwọ́ méjì òun nìkan kò ká ni ìgbà tí ìyá mi bá ti yọ̀ sílẹ̀ lórí fóòmù, tí ó yẹ kí èèyàn méjì gbé e sókè. A ó dúró de ara wa. Bí mọ́tò ò bá sí, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni, mo sì mọ̀ bí mo ti ń rìn pé egungun ń tẹ ẹran ara ìyá mi mọ́ fóòmù.

Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu ìyá mi mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó ń sọ lójoojúmọ́. "Bá mi ra ẹ̀yìn." Á fi ọwọ́ òsì tọ́ka sẹ́yìn, sí ojú ibẹ̀ gan-an, níbi tó ń ta á. Mo ra èjìká rẹ̀. Mo ra apá, mo ra ẹsẹ̀. Á mi orí. "Ibẹ̀ kọ́." Lọ́jọ́ kan tí mo yí i tán, tí mo ń tún aṣọ tẹ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé mò ń rí ẹ lára ni?"

Mo ní rárá o, Màámi, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé: ẹran ara, egungun, ẹ̀jẹ̀, ohun tí àwọn tó ṣèwádìí rí. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi. Ó tẹ́tí sí mi bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́tí sí dókítà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìgbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Kò bẹ̀ mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Egbò náà là. Bí gbogbo wa ṣe ṣe tó, ó là, ó jìn, ó ń rùn, a ò sì rí i dí mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olùkọ́ mi dá iṣẹ́ mi padà. Wọ́n ní mo yẹ ẹ̀rí wò dáadáa, pé ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìmọ̀ràn tó bá àyíká wa mu. Àwọn ìwé mi ń sọ nípa bẹ́ẹ̀dì tó ń fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú iná mànàmáná, nípa nọ́ọ̀sì kan fún aláìsàn mẹ́rin. Mo kọ ọ́ pé kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú táàsì títí awakọ̀ fi wẹ̀yìn wò mí.

Ìyá mi kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú. Èmi àti àbúrò rẹ̀ la wẹ̀ ẹ́. Mo fi aṣọ funfun dí egbò náà kí àwọn ará ìjọ má baà rí i. Mi ò ṣẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìyá mi padà fún mi lónìí, n ò ní ra ojú ibẹ̀, nítorí òótọ́ ni ohun tí mo kà. Ohun tí mi ò rí kà níbì kankan ni ohun tí èèyàn yóò ṣe nígbà tí òótọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì lè fi gba ẹnikẹ́ni là.

Nígbà tí a nu ara rẹ̀ tán, àbúrò rẹ̀ gbé igbá òrí jáde láti ibi tí mo ní kó gbé e pamọ́ sí. Ó bu díẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́.

"Ó yá, bá wọn ra ẹ̀yìn. Kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan mọ́."

A yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Òrí náà kò yọ́, nítorí ẹ̀yìn ìyá mi ti tutù.